Ẹ̀jẹ̀ Màmá, Ife Màmá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta kí n lè ráyè mí. Ní ilẹ̀ wa níbí, bí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ bá wú, ìyàwó ilé ló mú kó wú. Bí oorun kò bá kun ìyá ọkọ, ìyàwó ilé ló jí oorun gbé. Ìyá arúgbó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ òkúta lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, inú ilé ìdáná ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á ti máa wá ẹni tó gbé òkúta síbẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni mo ti rí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní ìyàwó ilé ló sọ ẹ̀jẹ̀ inú iṣan di ńlá, Ore ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, ní ilé Gabriel Adéyẹyè, ní Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, ní ọdún kẹta tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn nígbà náà. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀fọ́, tálákà ni. Sàdíìnì inú agolo ni gbajúmọ̀ ń jẹ.

Gabriel ló ń wa agbégilódò, ọkọ̀ gàgàrà tí ń kó gẹdú láti inú igbó Odigbo lọ sí Èkó. Fọlákẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń din àkàrà níwájú ilé, lẹ́bàá ibi tí àwọn ọkọ̀ Benin ti ń dúró kí èrò lè jẹun. Fọlákẹ́ kì í ṣe ẹni tí ń pariwo. Ọ̀rọ̀ máa ń sùn lẹ́nu rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó jáde, nígbà mìíràn kì í jáde rárá.

Màmá, ìyá Gabriel, ti ń bá wọn gbé láti ọdún márùn-ún. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Ẹnu-Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn obìnrin tó búra pé ọtí kò ní kan ètè wọn títí wọn ó fi rí Olúwa. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó, Màmá á gba àárín àga kọjá, á máa gbóòórùn ife oníkálukú. Àwọn géńdé tó ń yí gẹdú nínú igbó, mo rí wọn tí wọ́n ń ti ife bíà bọ abẹ́ àga nítorí obìnrin tí kò ga dé èjìká wọn. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ fi í jẹ Ìyá Ìjọ. Gèlè funfun rẹ̀ ti wà nílẹ̀, wọ́n ti fi omi súgà rẹ ẹ́, ó sì ti le gan-an.

Ara Màmá ni kò dá. Láti bí oṣù mẹ́ta, bó bá tẹ ilẹ̀, á dà bíi pé òwú ló ń tẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ pọ́n, ata ń ta á. Láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó di dandan kó jókòó lẹ́ẹ̀mejì kí èémí rẹ̀ tó padà wá. Òwúrọ̀ nìkan ni ara rẹ̀ máa ń yá. Bó bá ti lo oògùn jẹ̀dí-jẹ̀dí rẹ̀ tán, orin á bẹ̀rẹ̀, àtẹ́wọ́ á tẹ̀ lé e, àwọn aládùúgbò á sì máa mi orí: "Ẹ ò rí bí Ẹ̀mí ti ń bà lé ìyá yìí!"

Gabriel gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré, wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n ní kí wọ́n wá gba èsì.

Epo àkàrà Fọlákẹ́ kò tíì gbóná tí Monílọ́lá fi ti Odigbo dé. Monílọ́lá ni ẹ̀gbọ́n Gabriel obìnrin. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, kò kí èèyàn, ìkòkò ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ kí.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí." Fọlákẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Káàárọ̀. Ẹja mélòó lo sè?"

"Ẹ kọ́kọ́ jókòó, mà."

"Mi ò jókòó. Ìyá mi ń rù lójoojúmọ́, o ní kí n jókòó!"

Láti inú yàrá ni Màmá ti ń kọrin. Ó jáde pẹ̀lú àtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán, ó sì dì mọ́ ọmọ rẹ̀. "Moní mi! Ara mi le bí òkúta!" Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló ta gẹ́gẹ́, tí Gabriel sì sáré gbá a mú.

Dókítà Bándélé ni wọ́n bá ní ilé ìwòsàn. Ọmọdé ni, irun rẹ̀ kún bò ó létí gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ọmọ méjì lè fara pamọ́ síbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá sí Ore. Ó ka ìwé èsì náà, ó tún un kà.

"Màmá, hóró ẹ̀jẹ̀ yín tóbi jù."

Gabriel pàtẹ́wọ́. "Ọlọ́run ṣeun! Dókítà, ìran wa nìyẹn. Bàbá tó bí bàbá mi, ó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọ ilé."

"Ọ̀gá, kì í ṣe ohun tí à ń dúpẹ́ sí o." Dókítà ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rí yìí kì í ṣe omi lásán. Hóró pupa wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí wọn, awò tí ń sọ nǹkan tíntìnnì di ńlá la fi ń wò wọ́n. Àwọn ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú lọ sí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti orí. Ó yẹ kí wọ́n kéré, kí wọ́n sì pọ̀. Ti Màmá tóbi, wọn ò sì pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí èémí fi ń tán lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó gbé imú sókè. "Ta ló ń din àkàrà nínú yín?"

"Èmi ni, sà," Fọlákẹ́ dáhùn.

"Bí ẹ bá bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo ní ràbàtà-ràbàtà ńkọ́?"

"Á tóbi, sà, ṣùgbọ́n kò ní jinná dénú. Kò sì ní pọ̀."

"Ẹ ṣeun! Inú eegun la ti ń din ẹ̀jẹ̀, àkàrà ràbàtà ni eegun Màmá ń din. Ohun tó yẹ kó fi pín in wẹ́wẹ́ ni kò rí, tàbí kí nǹkan máa dí i lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé gbogbo wọn. Màmá pàápàá mi orí, ó ní ọmọ yìí ní làákàyè.

"Ó ku ohun tó fà á," ni Dókítà wí. "Lára àwọn àgbàlagbà, ó lè jẹ́ pé wọn kì í jẹ ẹ̀fọ́ tó, tàbí ẹran, ẹja àti ẹyin. Wọ́n tiẹ̀ lè máa jẹ ẹ́ kí inú wọn má lè fa oje rẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀. Oògùn mìíràn náà máa ń fà á. Ọtí sì ń fà á gan-an ni. Nítorí náà, Màmá, ẹ má bínú, ṣé ẹ máa ń mu ọtí?"

Màmá ò tíì la ẹnu tí Monílọ́lá fi fò sókè.

"Ọtí kẹ̀! Dókítà, ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀? Olórí Ẹgbẹ́ Ẹnu-Mímọ́! Ìyá Ìjọ! Ẹ ò bá kúkú bi wọ́n bóyá wọ́n ń jalè!"

Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Màmá yìí ló gba ife lọ́wọ́ ọkọ mi níbi ìkómọ wa, tí wọ́n dà á sí gọ́tà lójú gbogbo ayé."

Dókítà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tọrọ àforíjì. Gabriel ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àjà ló ń wò. Àjà yẹn ò ní nǹkan kan lára ju ilé aláǹtakùn lọ, ṣùgbọ́n bí ẹní ń ka Bíbélì ni Màmá ń kà á.

Fọlákẹ́ la ẹnu. Ojú Màmá sọ̀ kalẹ̀ láti àjà, ó bá tirẹ̀ pàdé, ó dúró síbẹ̀. Fọlákẹ́ pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ nǹkan ni?" Dókítà bi í.

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Bí kì í bá ṣe ọtí, oúnjẹ ló kàn. Ta ló ń se oúnjẹ Màmá?"

Gbogbo wọn yíjú sí Fọlákẹ́. Ẹ̀rín tí Gabriel ń rín dáwọ́ dúró.

Wọ́n fún Màmá ní abẹ́rẹ́ kan, wọ́n fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò. Bí wọ́n ti ń jáde, Dókítà tún pè wọ́n padà. "Ẹ gbọ́ o. Bí nǹkan mìíràn bá wà tó ń fà á tí ẹ kò sọ fún mi, apẹ̀rẹ̀ la fi ń pọn omi yìí. Ẹsẹ̀ Màmá ni mò ń wò. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́, ẹsẹ̀ yẹn lè má mọ ilẹ̀ mọ́. Mo wà níbí títí di aago mẹ́rin."

Ọ̀rọ̀ ṣáájú wọn délé. Mi ò mọ ohun tó gùn. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n ní Fọlákẹ́ kì í fi ẹja sínú ọbẹ̀ Màmá. Kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbẹntiróòlù, wọ́n ní omi ọbẹ̀ nìkan ló ń fún un. Nígbà tó fi dé oríta, ajá ilé ti ń jẹ ẹran Màmá, bẹ́ẹ̀ ilé Gabriel kò tíì lájá rí.

"Ẹni tó ń bọ́ ará Benin tí kò mọ̀ rí! Ìyá ọkọ rẹ̀ ń jẹ atẹ́gùn!"

"Ẹnu tó máa ń pa mọ́ yẹn ni. Mo ti sọ ọ́ tipẹ́, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ ló ń lò."

Bí Màmá ti jókòó sí pálọ̀ báyìí ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Aránṣọ òdìkejì ọ̀nà gbé ẹyin mẹ́fà wá. Ìyàwó afẹ́táyà gbé ìgbín nínú ata wá. Àgbẹ̀ kan tó ń dáko kòkó lọ́nà Araromi-Obu gbé odidi ọ̀yà yíyan wá, ó gbé e lé Màmá lẹ́sẹ̀. Inú àwọn èèyàn dùn, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ohun tó dùn ju kí ènìyàn máa ṣàánú, kó sì tún máa sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Màmá la ẹnu, ó ní, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n sọ…" Wọ́n ti ìgbín bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní, "Fọlákẹ́ kì í fi ebi…" Wọ́n fi ẹyin tẹ̀ lé e. Ẹnu tó ń jẹ dòdò kì í sọ òdodo, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ẹyin kejì, Màmá kò gbìyànjú mọ́.

Monílọ́lá wà ní ilé ìdáná. Ó ṣí ìkòkò: ẹja ńlá mẹ́rin wà nínú ọbẹ̀, ẹ̀fọ́ gbúre sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Púpurú tí Màmá fi ń ṣe òkèlè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi abọ́ bò ó.

Ó gbé ìkòkò jáde síta. "Ẹ wá wò ó o! Ẹja mẹ́rin! Torí ó mọ̀ pé mò ń bọ̀ lónìí!"

"Àǹtí, bí mo ṣe ń sè é nìyẹn lójoojúmọ́."

"Irọ́ ni! Bó o bá ń sè é lójoojúmọ́, báwo ni ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ṣe wú?"

Bí ìkòkò bá ṣófo, ìkà ni. Bó bá kún, ẹ̀tàn ni. Ẹ bá mi sọ ọ́, ẹ̀yin amòfin, níbo ni ènìyàn ti ń jàre irú ẹjọ́ yìí?

"Gabriel!" Monílọ́lá gbé ìkòkò kalẹ̀. "Ìyàwó yìí ń lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Araromi-Obu. Lónìí. Èmi ni n ó dúró ti ìyá mi títí ẹ̀jẹ̀ wọn ó fi fọn."

Gabriel tí ẹ ń wò yìí, ó lè fi gẹdú mẹ́ta lẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè nígbà tí bíréèkì kò dára, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n. Ṣùgbọ́n sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò báyìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sùúrù…"

"Ìyá rẹ ni àbí ìyàwó rẹ? Mú ọ̀kan!"

Àwọn aládùúgbò sún mọ́ ọn kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

"Fọlákẹ́," Gabriel ní, "jọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Kí ariwo yìí rọlẹ̀ ná."

Fọlákẹ́ wò ó. Ó wò ó pẹ́ débi pé ọkọ̀ méjì kọjá lójú títì. "Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì wọ yàrá lọ di ẹrù. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì! Mo mọ obìnrin kan tí wọ́n ní kó lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé bàbá rẹ̀. Ọmọ tó fi sílẹ̀ ti ṣègbéyàwó, kò tíì padà. Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti pálọ̀. Ó fi ìgbín sílẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n gèlè funfun wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó le, ó ń dán.

Àárín èyí ni obìnrin Ẹnu-Mímọ́ mẹ́ta wọlé, Fadékẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ṣáájú wọn. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ wí ní orúkọ Olúwa, wọ́n ní kó padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Wọn ò tíì ṣe àmín tán tí Àsíátù fi yọjú.

Àsíátù ni alágbo àdúgbò. Apá Ìwó ni òun àti ọkọ rẹ̀ Láoyè ti wá ń bá àwọn olóko ṣiṣẹ́. Ọkọ wà lóko kòkó, ìyàwó ń fi ewé àti egbò ṣòwò. Ìgò ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èèpo igi kún ìdí rẹ̀, omi inú rẹ̀ pọ́n dòdò.

"Màmá, ẹ̀rù bà mí! Mo ní kí n tètè gbé oògùn jẹ̀dí-jẹ̀dí ti ọ̀sẹ̀ yìí wá. Mo tiẹ̀ jẹ́ kó le sí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó tóbi kì í ṣe ohun à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú."

Monílọ́lá dì mọ́ ọn. "Ẹ rí ará ìta! Ẹ rí ẹni tó ń tọ́jú ìyá mi!" Ó gba ìgò, ó bu ife kan fún Màmá, ó sì bu ọ̀kan fún ara rẹ̀. "Inú mi náà ń lọ́ mi láti àárọ̀." Ó dà á mì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lu àyà. "Hàà! Oògùn yìí mọ ọ̀nà!"

Fadékẹ́ ní òtútù ń mú òun lórúnkún. Ìkejì ní ìbàdí ń ro òun láti ọjọ́ ìkórè. Ìkẹta kò rí ibi tó ń dun òun, ó ní òun á mu ti àìsàn tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ife ń lọ, ife ń bọ̀. Àsíátù nìkan ni kò mu. Wọ́n bu tirẹ̀ fún un, ó ní ó tì o, ẹ̀sìn òun kò gbà á. Kò sí ẹni tó bi í pé ẹ̀sìn wo ni kì í gba ewé àti egbò.

Kò pẹ́ tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yá gbogbo wọn. Ìkejì gbé orin, Fadékẹ́ gbè é. Monílọ́lá ń fi ìdérí ìkòkò lulẹ̀, gèlè rẹ̀ ti bọ́ sí etí kan. Ẹni tí ìbàdí ń ro bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbàdí náà jó. Gabriel dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní Ẹ̀mí ti bà lé gbogbo ilé.

Ife Màmá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tọ́ ọ wò. Ìró agbada ló gbọ́. Fọlákẹ́ ti jáde pẹ̀lú ẹrù lórí, agbada àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹrù náà ti wúwo tó, ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá.

"Màmá, mò ń lọ o. Ọbẹ̀ ṣì gbóná. Oògùn oníhóró yín, ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé Màmá nìkan ló gbọ́ èyí tó kù. "Ife yín ti àárọ̀, mo ti fọ̀ ọ́. Mo dá a padà síbi tí ẹ máa ń fi í sí, lẹ́yìn àpótí."

Lẹ́yìn àpótí. Ọdún mẹ́ta ni Màmá ti ń fi ife pamọ́ sẹ́yìn àpótí. Bó bá ti mu tán, á fi í síbẹ̀ ní ìdọ̀tí, bó bá padà dé, á bá a ní mímọ́, orin sì máa ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ débi pé kò bi ara rẹ̀ léèrè rí pé ta ló fọ̀ ọ́. Obìnrin tí ń gbóòórùn ife gbogbo ayé! Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná.

"Ẹ dákẹ́!" ló wí. Wọn ò dákẹ́, ẹsẹ orin kejì ni wọ́n wà.

Màmá dìde. Ó di ògiri mú, ó di èjìká Gabriel mú, ó jáde lọ sídìí ààrò àkàrà níwájú ilé. Ẹ̀yinná tí Fọlákẹ́ fi mú ọbẹ̀ gbóná ṣì ń pọ́n níbẹ̀. Ó da ife náà sí i.

Iná búlúù sọ sókè, gbòlà! Ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Orin já sí méjì lẹ́nu wọn.

"Bàbá mi pọn ògógóró létí odò títí ó fi kú," Màmá wí. "Bó bá fẹ́ mọ èyí tó le, iná ló máa ń dà á sí. Omi àgbo kì í jó. Èyí ni mò ń mu. Ọjọ́ tí Àsíátù ti gbé ìgò tó ní ògógóró nínú wá ni mo ti mọ òórùn rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé oògùn ni."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n má fi omi rẹ ẹ́ mọ́!" Àsíátù ké. "Ẹ ní tomi kò mọ ọ̀nà!"

"Èmi ni. Mo gbà."

Fadékẹ́ akọ̀wé sún mọ́ ọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Ọjọ́ Ìsinmi ku ọ̀la, ọ̀tunla. Oògùn ni. Gbogbo wa la jọ mọ̀ pé oògùn ni."

"Akọ̀wé, fẹ́ èémí rẹ sí ààrò yìí ká wò ó."

Fadékẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Aránṣọ òdìkejì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìdí jókòó sílẹ̀, àwọn tó kù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ìbàdí ń ro rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí wọ́n gba òun. Màmá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ gbé gèlè yẹn padà," ló wí. "Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò rùn, ẹ wé e fún un. Ṣé ẹ rí ìyàwó mi yìí? Ẹja ló ń fún mi. Ẹ̀fọ́ ló ń fún mi. Èmi ni mo fi ọtí lé wọn jáde. Ó mọ̀, ó sì bò mí láṣìírí, èmi wá jókòó, mò ń jẹ ìgbín, wọ́n ń lé e lọ." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Monílọ́lá, sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ lórí rẹ̀."

Monílọ́lá sọ ẹrù náà kalẹ̀ lórí Fọlákẹ́. Oògùn ṣì wà lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e padà sínú yàrá, ó ń gba ara ògiri lọ.

"Aago mélòó lù?" Màmá bèèrè.

"Mẹ́ta àbọ̀ ti kọjá, Màmá."

"Gabriel, gbé ọkọ̀ rẹ."

"Màmá, agbégilódò ni o!"

"Ṣé kò ní táyà ni?"

Báyìí ni gbogbo Ore ṣe rí Màmá lókè níwájú agbégilódò, ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgò láàárín ẹsẹ̀, Gabriel ń fun fèrè bí ẹní ń gbé ìyàwó bọ̀ wálé. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń sáré tẹ̀ lé wọn. Gabriel kò lè wo ojú Fọlákẹ́. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́." Fọlákẹ́ ní kó wo ọ̀nà.

Dókítà ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì nígbà tí wọ́n wọlé. Màmá gbé ìgò ka orí tábìlì, ó jókòó, ó mí.

"Ọmọ mi, bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i."

Dókítà ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yára dé e padà. Nọ́ọ̀sì tó ń gbálẹ̀ fi ọwọ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ máa ń mu ọtí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ife mélòó lóòjọ́?"

Màmá yíjú sí Fọlákẹ́, ó fi ọwọ́ lé e lórúnkún. "Ìyàwó mi, ìwọ ni kó o sọ fún un. Ìwọ lo ń fọ̀ ọ́."

Dókítà mú kálámù, ó ń dúró.

"Mẹ́ta, sà," ni Fọlákẹ́ wí. "Ọjọ́ Ìsinmi, mẹ́rin."